Àwọn Apanilẹ́numọ́ Inú Ọmú Ìyá Mosúnmọ́lá

Zion Pepe

Mosúnmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lórí omi yóò máa ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Ìbàdàn. Àwa náà wà, a ò tíì kú. Omi ti gbé ilé ìdáná wa lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló mú mi kọ̀wé. Kókó kan yọ lọ́mú rẹ̀, nígbà tí kò lè gbé àwọ̀n mọ́ ni mo gbé e sínú ọkọ̀ elẹ́ńjìnì lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó ní àwọn púrótíìnì kan wà nínú ara gbogbo wa tí iṣẹ́ wọn ni láti máa pa àwọn àbùdá kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a bí mọ́ ara, lẹ́nu mọ́. Mo ní ṣé ká má jẹ ẹja mọ́ ni? Ó ní rárá o, ara ló ń ṣe ìwọ̀nyí fúnra rẹ̀, wọ́n sì wúlò, àfi tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n wá pa àbùdá tó yẹ kó sọ fún ẹran ara pé ó tó gẹ́ẹ́ lẹ́nu mọ́. Ẹran á wá máa wú láìgbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi yékéyéké. Tí ẹja bá sá sábẹ́ koríko, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ṣebí àjẹ̀ la fi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí á fi jáde? Ni mo bá ń fi àjẹ̀ lu ibùsùn ìyá rẹ láràárọ̀, gbà, gbà, gbà, kí àbùdá tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ lè jí. Lọ́jọ́ kẹrin ló bú sẹ́kún, ó ní ṣé ẹja ló wà lọ́mú òun ni. Ojú tì mí.

Nígbà tí a padà lọ, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù. Mo kọ Happiness, ìyàwó Olówòkéré aládùúgbò wa, torí òun ló ń wẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ ló yẹ kí n kọ. Mo ní ọmọ ò sún mọ́ wa, ọdún mẹ́ta rèé. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo kọ orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa sínú ìwé ìjọba, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wọ́n wá gé díẹ̀ lára ọmú náà, wọ́n ní Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé ẹran tí wọ́n gé náà lọ, níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá àwọn apanilẹ́numọ́ yẹn ló ń jà. Èsì á pẹ́ díẹ̀. Mosúnmọ́lá, ìyá rẹ ti wà nílùú rẹ nìyẹn. Jọ̀ọ́, wádìí ibi tí wọ́n fi í sí, kí o lọ kí i, má jẹ́ kó dá wà láàárín àlejò. Ọmú òsì ni, èyí tí o kì í fẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́.

A ò lówó oògùn. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹsẹ̀ rẹ ni kó gbé e wá. Ìyá rẹ ní òun ò bínú sí ọ, èmi ni mò ń bínú. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó sìn ọ́ délé, kí o sì bá a láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlọ́rundáre