Àmì Pupa Lára Máńgòrò Rumuodara

Abúlé Ọ̀ṣẹ́nì,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù kẹta, 1988.

Àsàmáù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara Wahab ọkọ ẹ le, ṣé Memunat ọmọ-ọmọ mi ń jẹun dáadáa? Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Tiwa náà kò burú, ara bàbá ẹ ti ń yá, ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí ìbejì, òjò sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ń lọ kò já sí asán, nítorí náà má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà ẹ dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí o fi sínú ẹ̀. O ní àwọn káńsù ń bi gbogbo ará àdúgbò yín léèrè oore tí igi ń ṣe fún wọn àti wàhálà tó ń kó bá wọn, o sì ní wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín. Inú mi dùn débi pé mo pín obì fún ará ilé, mo ní wọ́n ti kọlà fún máńgòrò wa ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ó ti di ọmọ onílùú. Àfi ìgbà tí mo gbé lẹ́tà náà lọ bá Tíṣà Adéyanjú tó ń kọ́ wa, tó ní igi tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí, gígé ni wọ́n fẹ́ gé e, àyàfi bí fọ́ọ̀mù àwọn tó ní kí wọ́n dá a sí bá pọ̀ jù. Mi ò lè jẹ ẹ̀kọ mi tán lọ́jọ́ náà.

Mo wá tún lẹ́tà ẹ kà. O ní onílé yín ń pariwo pé gbòǹgbò ẹ̀ ti la ògiri, ewé ẹ̀ ń dí gọ́tà, ẹ̀fọn ń sá pamọ́ sínú ẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń sọ òkò sí èso ẹ̀ tí òkò ń bọ́ sórí páànù. Ibiere ọmọ Abuloma tí ẹ jọ ń gbélé ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí abẹ́ ẹ̀ lòun ti ń yan ẹja, bí NEPA bá sì mú iná lọ, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbé àga sí. Ìwọ wá ní tìẹ, o ní gbígbá ewé ti sú ẹ, kí wọ́n kúkú gé e. Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ewé tó ń dí gọ́tà, ṣé kò sí ewúrẹ́ ní Rumuodara ni? Wahab tiẹ̀ sọ fún mi pé níbi tí àwọn òyìnbó epo ń gbé, wọ́n ń gbin koríko, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń gé e, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Koríko tí àwa ń fi ọkọ́ lé kúrò lóko. Bí koríko bá níyì tó bẹ́ẹ̀, kí ni máńgòrò ṣe fún yín? Tíṣà tún ní ewé igi máa ń gba èéfín kúrò nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà máa fi àkísà tútù nù ún ní Jímọ̀ Jímọ̀, níwọ̀n ibi tí ọwọ́ ẹ bá tó.

Mo ti bá igi náà kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀. Orúkọ, Máńgòrò. Ọjọ́ orí, ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́, ìbòòji. Ẹ̀sìn, Mùsùlùmí, nítorí ilé Mùsùlùmí ló hù sí. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọmọ, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tíṣà ní ayálégbé ni fọ́ọ̀mù ń bi, kì í ṣe igi. Mo ní ayálégbé lè kó ẹrù ẹ̀ lọ lọ́la, ta ni yóò bá igi wá ilé mìíràn? Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí, mo ti tẹ̀ka sí i, bá mi fún wọn.

O ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Ẹ rò pé ó dédé hù ni. Nígbà tí mo wá wẹ Memunat fún ẹ, èmi ni mo gba ibi ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo sin ín sí ẹ̀yìnkùlé yín, mo sì ri kóró máńgòrò tí mo rà jẹ ní Òrè sójú ibẹ̀ kí n lè dá a mọ̀. Mi ò sọ fún ẹ, nítorí o máa ń ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀ wálé, ewé mẹ́rin péré ló ní. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kó bá mi dúró ti ọmọ mi títí n ó fi padà wá. Mi ò tíì padà wá. Nígbà tí ẹ wá ṣe Iléyá, Memunat ò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Píjìnì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yé àwa méjèèjì ni máńgòrò. A ń sọ ọ́ síra wa títí tó fi sùn lọ lẹ́sẹ̀ mi.

Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, kó ṣáà ti tó àlọ, àbọ̀ ò le. Bàbá ẹ ní kí o fi ti tábà òun kún un, ṣùgbọ́n tèmi ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Iwájú ẹ á dára, ẹ̀yìn ẹ á sunwọ̀n, ibi tí o bá fara tì kò ní yẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́yìn. Bí àwọn tó fẹ́ gé máńgòrò bá dé kí n tó dé, ní kí Memunat dúró sídìí ẹ̀, kó fi Píjìnì sọ fún wọn pé ìyá àgbà òun ti wà lọ́nà.

Èmi ni ìyá ẹ,
Serifat.