Bí Rédíò Ṣe Gba Gbogbo Máàkì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun, ṣé ọ̀gá rẹ kò tíì lé ọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó lé ọ, nítorí mo ti fi ọ́ yangàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ jù, ìyẹn ni mo ṣe mú ìwé tó gùn. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n ibi tí kò sí ìkòkò ló ń jò sí, a dúpẹ́.

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe. Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹ ń kó ìbéèrè àti ìwé jọ sójú kan, kí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn ọmọdé àti ọ̀dọ́ lè wá mú èyí tí wọ́n bá fẹ́ lò. Onígbàjámọ̀ mi ní ṣé wọ́n ń sanwó fún ènìyàn nítorí ìbéèrè ni? Ìyá rẹ dá a lóhùn pé láti kékeré lo ti ń bi wá lófẹ̀ẹ́, kí àwọn ará ìlú ńlá náà máa rà á báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Rédíò, àbúrò rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé a kò ṣèèṣì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó bá ti lajú títí oorun á fi gbé e lọ, tó ń bá ewúrẹ́ jiyàn, ló dákẹ́ wẹ́lo láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ. Ó ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ń kọjú sí ògiri. Èmi ní ọgbọ́n àgbà ló dé. Ìyá rẹ ní ọgbọ́n kì í kọjú sí ògiri. Ìyẹn la ṣe pè ọ́, tí o sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí Rédíò dáhùn.

Ọmọ mi, mo wò ó, mo rí i pé ìdánwò ni. Ìbéèrè wà, máàkì wà, láti òdo dé mẹ́ta. Ọmọ tí kò jẹun, tí kò sọ̀rọ̀, ṣé òun ni kí n wá fi sílẹ̀ kó fìdí rẹmi? Mo gba fóònù, mo bá a dáhùn. Wọ́n béèrè bóyá inú rẹ̀ ń bàjẹ́, mo ní mẹ́ta. Bóyá oorun ń yọ ọ́ lẹ́nu, mẹ́ta. Bàbá wo ni yóò fún ọmọ tirẹ̀ ní òdo? Nígbà tí fóònù ṣírò rẹ̀, gbogbo máàkì pátá la gbà! Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Tíṣà aládùúgbò wa, ẹni tí kò jẹ́ ká sinmi nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń gba ipò kìn-ín-ní. Mo ní kí ọmọ náà dáhùn níṣojú mi. Òdo ló gbà, òdo lásán! Tíṣà wo fóònù, ó wò mí. Mo bá a kẹ́dùn, mo ní kó má na ọmọ náà.

Fóònù wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ti Rédíò pé kí a tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ló ń dúró dè wá níbẹ̀. Mo wọ bàtà tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó, mo gbé àpò ńlá dání, a sì lọ. Nọ́ọ̀sì rí máàkì náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi Rédíò léèrè, mo ní èmi ni mo dáhùn. Ó ní àpò ńkọ́, mo ní ti ẹ̀bùn ni. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé bí máàkì bá ṣe pọ̀ tó ni ìnira ọkàn ṣe ń pọ̀ tó, ó ní kí Rédíò fẹnu ara rẹ̀ dáhùn, ó sì lé mi síta bí adìẹ tó wọ yàrá àlejò.

Mo rò pé wọn ò ní pẹ́, torí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ sọ? Bẹ́ńṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ hù mọ́ mi nídìí. Ni mo bá gbọ́ ohùn Rédíò láti inú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó tún ń sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, mo béèrè iye tó gbà, nọ́ọ̀sì ní ti Rédíò ni, kì í ṣe tèmi, pé kó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ọmọ yìí fi àwọn ìbéèrè náà bi èmi gan-an. Ó ní ṣé mò ń sùn dáadáa? Mo ní òdo, bí ọkùnrin. Ó ní irọ́ ni mo pa, pé láti ìgbà tí òun ti dákẹ́ lòun ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi tí mò ń rìn kiri inú ilé. Mo ní tóò, mẹ́ta. La bá bú sẹ́rìn-ín, àpò òfìfo jábọ́ lọ́wọ́ mi. Kò tíì padà sí bó ṣe wà o, ó ṣì ń kọjú sí ògiri nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lánàá, ó bá ewúrẹ́ jiyàn, ewúrẹ́ ló sì jẹ̀bi.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìbéèrè yẹn, kí wọ́n tó gbé e fún olùṣèwádìí kankan, pé kì í ṣe ìdánwò, kí bàbá má ṣe ran ọmọ lọ́wọ́. Fi owó mọ́tò ránṣẹ́, torí ilé ìwòsàn jìnnà. Kí o sì fi díẹ̀ lé e kí n fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún Tíṣà, bóyá á pa ẹnu rẹ̀ mọ́, torí ó ti gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe rí, ó sì ń fi òdo ọmọ rẹ̀ yangàn káàkiri àdúgbò.

Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ ara rẹ àti ọkàn rẹ. Níbi tí máàkì bá ti jẹ́ ire, wàá kó o tán. Níbi tí òdo bá sì ti dára jù, Ọlọ́run á fún ọ ní òdo, á fún Rédíò náà, bó pẹ́ bó yá. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó gba mẹ́ta.