Ṣọkọ Ìyá Wa àti Àwọn Tó Ń Jẹ Ẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹsàn-án 2023

Ihò. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo bọ́ awò, mo nù ún, mo tún wò ó. Ihò ni. Àwọn ewé ìdí ebè ti dà bí asẹ́ ògì.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ojú má baà tì mí jù lọ́jọ́ iwájú. Irúgbìn ìyá wa ni ṣọkọ yìí. Ẹ̀yìn ilé yìí gan-an, ní Kúdẹtì, ni ìyá wa ti ń gbìn ín títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lẹ́yìn wọn, ẹ̀gbọ́n mi, Sìsí Eunice, ń gbìn ín ní Ìdí Àrẹrẹ, títí wọ́n fi da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá ibẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú ìgò oògùn ni Sìsí gbé fún mi lóṣù tó kọjá. Ọmọ wọn ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí Àkúrẹ́ nínú oṣù Kẹwàá. Ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbé. Wọ́n ní kí àwọn tó lọ, àwọn fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ṣọkọ ìyá wa lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sì gba irúgbìn sílẹ̀ kó má baà parun.

"Joseph, ìwé lo mọ̀ ọ́n kà. Jọ̀wọ́, èyí kì í ṣe ìwé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo rí olè náà. Abẹ́ ewé ló sùn sí. Ó gùn bí ìka ọmọdé, ó sanra, àwọ̀ ewé ló wọ̀, kò sì kánjú rárá. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n dìbò yàn. Mo sọ ọ́ ní Alága.

Mo jù ú sẹ́sẹ̀ ògiri. Alángbá kan gbé e mì kí n tó yíjú. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Alága ní ẹbí.

Mo ka ìwé títí ojú fi rẹ̀ mí. Ọ̀kan ní omi ọṣẹ. Òmíràn ní ata àti ayù. Ẹ̀kẹta ní ewé dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ mọ́jú. Kò sí èyí tó ní kí a má pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo rọ ọ́ sínú ìgò tí Louisa fi ń fín omi sí aṣọ tó bá ń lọ̀ ọ́.

Louisa, ìyàwó mi, wà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ọmọ wa tó bímọ. Orí fóònù ló ti gbọ́.

"Ata? Ayù? Ṣé ẹ fẹ́ pa kòkòrò ni, àbí ẹ fẹ́ sè é?"

Ó ní ohun tí òun ń bẹ̀ mí fún ni pé kí n má ṣáà fi ìgò aṣọ òun ṣe é. Ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí mò ń fín in. Alága kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Lẹ́yìn ìsìn, Sìsí wá bẹ ebè wò. Bíṣọ́ọ̀bù ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, torí ìdájọ́ tí wọ́n bá ti dá, kò sí kóòtù tó lè yí i padà. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ ewé kan sókè.

"Joseph, ṣé ẹ̀fọ́ lo gbìn, àbí léèsì?"

Mo béèrè ohun tí ìyá wa ń fi sí i tí kòkòrò kì í fi í jẹ ẹ́. Wọ́n ronú. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá wa ń ṣe nídìí ebè. Nígbà tí àwa ọmọ bá fi máa jí, ewé ti wà nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ rí: ṣọkọ tí àwọn fọwọ́ ara wọn gbìn ní Ìdí Àrẹrẹ kò fìgbà kan dùn tó ti ìyá wa. Irúgbìn kan náà, àmọ́ kò dùn tó o. Wọ́n ní ilẹ̀ ló fà á. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yìí ni adùn wà, ìdí nìyẹn tí àwọn fi gbé irúgbìn fún mi dípò ọmọ àwọn.

Mo ti rò pé wọ́n fọkàn tán mi ni. Ilẹ̀ ni wọ́n fọkàn tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ìyá Àdúràolúwa, aládùúgbò mi tó ń dín àkàrà níwájú ilé láràárọ̀, wọlé wá pẹ̀lú ìgò omi àdúrà. Aládùúrà ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, bó ti wù kí epo ta tó.

"Bàbá Tíṣà, ẹ ti fi ọgbọ́n orí ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fi tòkè kún un."

Ó wọ́n omi, ó gbàdúrà, ó lé àwọn kòkòrò lọ sínú aginjù. Mo ṣe àmín. A kì í bá inú rere jiyàn. Àmọ́ mo bi ara mi: ta ló dá Alága? Ta ló ní kí ewé dùn lẹ́nu rẹ̀? Ẹni tí à ń bẹ̀ kó lé e ni ó rán an wá jẹun. Mi ò sọ ọ́ síta. Ó bu àkàrà fún mi, ó sì gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 14

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn! Kí ló dé tí mi ò rò ó tẹ́lẹ̀? Mo tú u lórí ibùsùn, mo nà án bo gbogbo ebè, mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Kò sí labalábá, kò sí tata tó máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀fọ́ ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, èmi ni ẹ̀fọn ń jẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Òjò. Mi ò ṣí i. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́rú, 20

Áà.

Mo ṣí nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Ẹyin wọn ti wà lábẹ́ ewé kí n tó bò ó. Mo ti àwọn olè mọ́lé, mo sì ti ọlọ́pàá mọ́ta. Alángbá náà wà lórí nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó ń mi orí sí mi.

Igi ṣọkọ tó kù kò ju ohun tí apá mi méjèèjì lè gbá mọ́ra lọ. Ìyókù, egungun ni. Ìgò oògùn ti ṣófo. Mo gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ekuru lásán. Bí ìwọ̀nyí bá lọ, ó parí. Ohun tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa tó ṣì ń dàgbà, òun nìkan nìyí.

Mo ká nẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó sórí àpótí, mo sì ń fi ọwọ́ ṣa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Bíṣọ́ọ̀bù pè. Wọ́n béèrè bí oko ṣe ń ṣe sí. Mo ní gbogbo wọn ló ń jẹun dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Ìwé àtijọ́ kan, tí èèpo rẹ̀ ti já, ní kí a bu eérú igi lé ewé nígbà tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ti fo ojú ìwé yẹn rí. Eérú? Ó jọ ohun tí a fi ń tan ara ẹni jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ báyìí, tí mo fi máa ṣe fọ́nńté?

Mo lọ bu eérú nídìí ààrò Ìyá Àdúràolúwa. Ó rẹ́rìn-ín títí àkàrà fi fẹ́ jóná.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá Tíṣà! Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀?"

Mo ní kó tọ̀ mí bó bá wù ú, kó ṣáà ti lé Alága.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Òjò fọ̀ ọ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Irun mi funfun, ewé mi funfun. Ìyá Àdúràolúwa ní èmi náà ti di Aládùúrà.

Ewé tuntun ti yọ. Kò sí ihò lára rẹ̀. Eérú ni àbí àdúrà? Tàbí àwọn kòkòrò kàn jẹun yó? Mi ò mọ̀. Ìyá Àdúràolúwa mọ̀, kò sì yé sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Mo fi àwọn igi tó ń yọ òdòdó sílẹ̀ fún irúgbìn, mo já èyí tó kù. Eérú náà ń tì mí lójú, torí náà mo fọ ewé náà nínú omi iyọ̀, mo tún un fọ̀, mo tún un fọ̀, títí omi fi mọ́ bí èyí tí à ń mu. Mo fi ẹja gbígbẹ àti irú sè é. Mo gún iyán, ó ní kókó díẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní, "Ó dùn."

Mo ní, "Ṣé ó dà bíi ti ìyá wa?"

"Ó dùn, Joseph. O ṣeun."

Ó dùn mí dé egungun. Bí wọ́n bá ń bú mi, mo mọ̀ pé ara wọn dá. Bíṣọ́ọ̀bù kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi báyẹn, àfi bí wọ́n bá ń ṣàánú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Bóyá kò tiẹ̀ sí adùn kankan rí. Bóyá ebi ìgbà èwe ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Kò sí iná, ẹ̀rọ kò fa omi láti ọjọ́ Àìkú. Omi tó kù nínú ike kò tó ife mélòó kan. Ewé díẹ̀ ti yọ sí i, mo sì ti bu eérú lé e bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo já a, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo dà á sínú ìkòkò. Èmi nìkan ni mo máa jẹ ẹ́. Ta ló ń wò mí?

Òkèlè àkọ́kọ́. Nǹkan kan rún léhín mi, wẹ́rẹ́, bí iyanrìn tó kúnná. Lẹ́yìn rẹ̀, adùn kan tó fẹ́ jọ ti káún, tó fẹ́ jọ èéfín —

Mo gbé ọwọ́ dúró. Ìyá wa wọ inú ilé ìdáná yìí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ọwọ́ wọn, tí ekuru funfun máa ń wà ní ìdí èékánná rẹ̀ láàárọ̀, tí mo rò pé èlùbọ́ ni.

Igi ni wọ́n fi ń dáná. Eérú kò wọ́n wọn. Omi ni ó wọ́n, torí odò ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ẹ̀rọ omi ti dé ilé Sìsí ní Ìdí Àrẹrẹ kí wọ́n tó gbin ṣọkọ kankan níbẹ̀, gáàsì ni wọ́n sì ń lò. Irúgbìn kọ́. Ilẹ̀ kọ́. Eérú tí wọ́n ń bù lé e nítorí irú Alága ni.

Tàbí mo tún ń tan ara mi jẹ? Ẹnu kan kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́rú, 11

Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Mo bu ohun tó kù sínú kúlà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí Àrẹrẹ. Àpótí wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ká aṣọ fèrèsé. Mi ò ṣàlàyé ohunkóhun. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ṣáájú ọbẹ̀ dé ẹnu wọn.

Wọ́n bu ṣíbí kan. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n rọra ń jẹnu, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò fẹ́ kí a bá òun sọ̀rọ̀.

"Joseph."

"Mà."

"O ò fọ ẹ̀fọ́ yìí dáadáa."

Wọn kò la ojú. Wọ́n sì tún ki ṣíbí bọ inú kúlà.