Ta Ni Kó Kọ́kọ́ Kí Ẹnì Kejì?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Àwa aránṣọ ní gbàgede kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń kún fọ́fọ́. Wásáàpù dé, àwọn yòókù ṣí lọ síbẹ̀. Ó ku èmi àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Bọ́tìnnì. A ò rí ara wa rí, a ò mọ ẹ̀gbọ́n, a ò mọ àbúrò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kejì.

Ẹni tó ni ibẹ̀ ní bí kò bá sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, òun á tì í pa.

Ìyàwó mi ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe? Ṣé ẹ jọ fẹ́ pín ogún ni?”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dá sí i. Àmọ́ bí Bọ́tìnnì bá ń gbọ́ wa: ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n.