Orin Tí A Fi Ń Bú Odò-Ẹ̀kan

Ilé Akínyẹmí,
Òkè-Ọsàn,
lẹ́bàá Èmùré-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1999.

Bùsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ooru tó mú báyìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìkẹ́rẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń lọ sí Adó lójoojúmọ́ síbi iṣẹ́ ìjọba tuntun yẹn? Ìmọ́lẹ̀olúwa ọmọ wa ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti lọ? Mo ń rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Àwa náà wà dáadáa níbí. Ẹsẹ̀ màmá mi ṣì ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn le koko, o mọ̀ wọ́n.

Ọpẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí wá dú. Ohun tí o kọ́ wa nínú lẹ́sìnnì ìgbà ìsinmi ló jẹ́ kí Ayọ̀mikún àbúrò mi rí àyè fẹ́ ẹni tó wù ú. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa ń sùn ní ìjókòó ẹ̀yìn kíláàsì bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewì. Ìdánwò Yorùbá ni mo fẹ́ yege kí wọ́n lè gbé mi ga ní káńsù, kì í ṣe ewì ni mo wá wá. Ṣùgbọ́n etí mi kò sùn. Mo gbọ́ nígbà tí o ní àwítúnwí máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọni lára débi pé a ó gbàgbé láti béèrè bóyá òótọ́ ni. O tún ní bí a bá gbọ́ ewì tó ń bú ẹnìkan, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti fèsì. Ìbéèrè yẹn ni mo mú relé.

Ọdún kejì rèé tí Ayọ̀mikún àti Kọ́ládé ti ń bá ara wọn bọ̀. Tísà ìṣirò ni Kọ́ládé ní Ìlasà, ọmọlúàbí ni, kò sì ní àbùkù kankan àfi pé ọmọ Odò-Ẹ̀kan ni. Odò kékeré kan ló wà láàárín abúlé wa àti tiwọn, ọmọdé lè fò ó kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, a kì í fẹ́ ara wa. Bí o bá bi bàbá mi ní ìdí rẹ̀, wọn kò ní ìtàn ìjà kankan tí wọn yóò sọ fún ọ. Orin ni wọn yóò kọ, orin tí gbogbo wa fi ṣeré òṣùpá ní kékeré:

Lílé: Ulé wo ni wọ́n ti í gbé uṣu sá f'álejò?
Ègbè: Odò-Ẹ̀kan, Odò-Ẹ̀kan.
Lílé: Ulé wo ni wọ́n ti í ka ẹran inú ọbẹ̀?
Ègbè: Odò-Ẹ̀kan, Odò-Ẹ̀kan.
Lílé: Ulé wo lọmọ wa ò gbọdọ̀ lọ́kọ sí?
Ègbè: Odò-Ẹ̀kan, Odò-Ẹ̀kan.

Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn búburú. Bàbá ìjọ ni wọ́n, ọwọ́ wọn sì là. Ṣùgbọ́n orin yẹn ti bò wọ́n lójú. Kọ́ládé gbé iṣu wá nígbà Kérésì, bàbá ní àwọn tó tóbi ti wà ní ìpamọ́ nílé wọn. Ó wá lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí owó oṣù àwọn tísà kò tíì jáde, bàbá ní ṣé mo rí i, àwọn àgbà kì í kọrin lásán. Ó jẹ ẹran kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀ tí màmá gbé fún un, bàbá ní wọ́n ti kọ́ ọ láti ilé láti máa ka ẹran. Ọjọ́ tí màmá fi ipá bù sí i, tó sì jẹ ẹ́ tán, bàbá ní ẹ wo ẹni tí kò rí ẹran jẹ rí. Àánú ọmọkùnrin náà ṣe mí. Kò sí ohun tó lè ṣe tí kò ní bọ́ sínú orin náà.

Ayọ̀mikún rù. Ó sọ fún mi pé bí bàbá bá kọ̀ títí di Ọdún Àjíǹde, òun yóò ní kí Kọ́ládé wá ẹlòmíràn, nítorí òun kò lè lọ́kọ láìsí àdúrà bàbá. Ìgbà yẹn ni mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá, mo bi wọ́n bóyá ará Odò-Ẹ̀kan kan ti wà níbẹ̀ rí láti fèsì sí orin yìí. Wọ́n ní ìwé ti ń gùn mí. Mo ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn ẹbí Kọ́ládé wá, kí a fi ojú ara wa rí wọn. Màmá gbè mí lẹ́sẹ̀, bàbá sì gbà, kì í ṣe pé ọkàn wọn rọ̀ o. Wọ́n ní kí wọ́n wá, kí gbogbo ilé lè rí i pé òótọ́ lorin wí.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá mọ̀ wá. Ìyá Jẹ́jẹ́, ìyá bàbá Kọ́ládé, bá wọn wá pẹ̀lú ọ̀pá. Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Àìná, pé kí wọ́n má kọ orin kankan. Ṣé o mọ̀ pé ẹnu wọn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Bí a ti ń gbé iyán kalẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lé e: ulé wo ni wọ́n ti í gbé uṣu sá f'álejò?

Àwọn ará ilé wa ti la ẹnu láti gbè é, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ló yára jù wá lọ. Gbogbo wọn gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín: Òkè-Ọsàn, Òkè-Ọsàn.

Àwọn àlejò ń wo ojú wa, wọn kò mọ ohun tí àwọn ṣe. Wọ́n rò pé ara wa ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kí ara lè tù wọ́n. Bàbá béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ orin náà. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní orin àwọn ni, àwọn ìyá àwọn ló fi kọ́ àwọn, kò sí ọmọ Odò-Ẹ̀kan tí kò mọ̀ ọ́n. Iṣu náà nìyẹn, ẹran náà nìyẹn, orúkọ ìlú nìkan ló yàtọ̀. Bàbá wá rọra béèrè bóyá ibi tó kan ọ̀rọ̀ ọkọ náà wà nínú tiwọn.

"Ó wà ńbẹ̀," ni ìyá àgbà náà wí. "Òun ni baba mi kọ sí mi létí nígbà tí mo ní ulé yín ni mo fẹ́ lọ́kọ sí. Mo sunkún títí. Òní ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ulẹ̀ yín."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Bàbá wá ní kí Ìyá Àìná tún orin náà lé. Ìyá Àìná kọ̀. Bàbá ní kí wọ́n lé e. Wọ́n lé e, ẹnìkan kò sì gbè é àfi bàbá mi. "Òkè-Ọsàn," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé àwo iyán tó wà níwájú wọn lọ síwájú Ìyá Jẹ́jẹ́. Mo sunkún, mi ò tijú.

Oṣù kẹjọ ni ìgbéyàwó, kò sí àwáwí fún ọ. Ní ọ́fíìsì wa ní káńsù pẹ̀lú, mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbàṣe oko kòkó ṣe máa ń ṣe, mo máa ń béèrè bóyá ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí ní tísà. O ṣé, Bùsọ́lá. O ṣé gan-an. Kí Olúwa má jẹ́ kí ohùn rẹ há.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun kan. Ìyá Jẹ́jẹ́ bẹ̀ wá lọ́jọ́ náà pé kí a jẹ́ kí àwọn sun ọjọ́ kan ní Òkè-Ọsàn, a sì tẹ́ ibùsùn fún wọn ní yàrá màmá. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìró ìgbálẹ̀ ló jí mi. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń gbá ojúlé wa bí ìyàwó tuntun, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Mo sáré lọ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti wù mí."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé Ìmọ́lẹ̀olúwa jó. Màmá ní kí n kí ọ, bàbá náà ní kí n kí tísà ewì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní sùn ní kíláàsì mọ́,

Títílọlá.