Ibi Tí Pásítọ̀ Fò

Sátidé, lẹ́yìn ìsìnkú Màámi

Inú ṣì ń bí mi sí pásítọ̀ yẹn. Ó ń ka ìtàn ìgbésí ayé Màámi látinú ìwé ètò ìsìn, ó ka ti kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní Abúlé Adó. Nígbà tó débi tí Màámi ò ti jẹ́ kí olóyè kan lé àwọn ayálégbé síta, ó fò ó. Olóyè yẹn kúkú jókòó níwájú.

Àmọ́ àwọn ìyá tí Màámi kọ́ níwèé wà lẹ́yìn, ìwé ètò ìsìn lọ́wọ́ wọn. Òfin Màámi ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ń kàwé fún ọ, kí o fi ìka tẹ̀ lé e, kí o máa kà á sókè, kó má baà tàn ọ́ jẹ. Wọn ò fo nǹkan kan. Pásítọ̀ dákẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ wọn:

“Wọn ò jẹ́... kí olóyè... lé... ayálégbé... síta.”

Ìyá Risi, ọ̀kan nínú wọn, bá mi níta, ojú ń tì wọ́n. “Àǹtí, ṣé a ṣì í kà ni? Pásítọ̀ kàn dákẹ́.”

“Ẹ kà á dáadáa, mà. Pásítọ̀ ni kò mọ̀wé kà.”