Bọ́tìnnì Ìhámọ́ra Gòláyátì

Bàbá Favour,

Mo ti lọ sí ìlú Òrù, mi ò fẹ́ jí yín. Ìhámọ́ra Gòláyátì yín wà lórí àga. Bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ ńlá tí ẹ rà yẹn le jù. Bí mo ṣe fà á láàárọ̀ yìí, fóòmù tí wọ́n fi ṣe ìhámọ́ra náà ya. Ẹ má bínú, mo ti yọ gbogbo wọn. Mo fi awọ tẹ́ ẹ nínú, mo wá fi bọ́tìnnì aṣọ ọmọ ọwọ́ síwájú, kí ọwọ́ òsì yín lè dá a tẹ̀ títí ọ̀tún á fi yá. Ìyẹn kọ́ ló máa pa Gòláyátì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́ fún yín. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ọrùn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. N ó dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni n ó tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Favour